Ẹsẹ̀ Méjì Lẹ́yìn Aṣọ Dúdú

Ẹ̀yin tí ẹ ti pàtẹ́wọ́ fún mi rí, láti Halifax títí dé Vancouver, ẹ fi ọwọ́ yín sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti fi sábẹ́ ahọ́n láti ìgbà èwe mi, kò sì jẹ́ kí n gbádùn oúnjẹ tó ń gba orí ahọ́n náà kọjá. Lónìí mo fẹ́ tu ú síta. Kì í ṣe pé àìsàn ń ṣe mí o. Dókítà mi ní ọkàn mi ń lù dáadáa, ìyẹn nìkan sì ni nǹkan tó mọ ìlù lù nínú ara mi. Kì í ṣe pé ẹnì kan fẹ́ tú àṣírí mi. Ayọ̀ ló ń tì mí. Ẹni tó ru igi tútù láti oko dé ilé, tó wá sọ ọ́ kalẹ̀, ṣé ẹ máa bi í pé kí ló ń rẹ́rìn-ín sí? Olúwa tó ń rí ìkọ̀kọ̀ ti rí tèmi tipẹ́. Ẹ̀yin ló kù. Àwọn tó wà ní gbọ̀ngàn nígbà ìwọ́wé tó kọjá ti gbọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ń ti ẹnu bọ́ sí ẹnu a máa hu ìyẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́.

Réjean Brisebois lorúkọ mi. Orin kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ mi. Mo máa ń po ohùn pọ̀ nínú ẹ̀rọ bí ìyá mi ti ń po ìyẹ̀fun, n ó to sípíkà yí gbọ̀ngàn ká, n ó sì jókòó sí àárín èrò nídìí àwọn bọ́tìnì mi. Ìtàgé á ṣófo. Ohùn nìkan ni yóò máa rìn lókè orí yín, tí yóò máa ti igun kan bọ́ sí èkejì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti gbọ́ orúkọ mi rí, ti Barnabé lẹ kọ́kọ́ gbọ́. Barnabé ni mo sọ kọ̀ǹpútà mi. Mo ní mo kọ ètò kan sínú rẹ̀ tó ń lu ìlù bí ohun ẹlẹ́mìí, tí kì í lu ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ nípa rẹ̀. Bí wọ́n bá pàdé mi ní títì, wọ́n á ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, Barnabé ńkọ́?" bí ẹni ń béèrè ọmọ lọ́wọ́ bàbá. Èmi náà á ní, "Ó wà, ó ń kí yín." Ẹ wo irọ́! Barnabé kò kí ẹnikẹ́ni rí. Láti ọjọ́ kìíní tí mo gbé e jáde ló ti kú.

Sainte-Olivine ni wọ́n bí mi sí, abúlé kan tí kò jìnnà sí Joliette. Nílé wa, bí bàbá wa bá gbé fáyólìn sí èjìká, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó sórí àga nílé ìdáná, kó máa fi gìgísẹ̀ àti ọmọ ìka ẹsẹ̀ lu pákó ilẹ̀, nítorí fáyólìn tí kò ní ẹsẹ̀ lábẹ́, bí ọ̀rọ̀ tí kò ní ẹlẹ́rìí ló rí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Fernande, ni ẹni náà. Ẹ jẹ́ kí n kì í kí n tó lọ jìnnà, nítorí oríkì yìí ti pẹ́ lọ́rùn mi:

Fernande, ọmọ Brisebois, ajókòó-sójú-kan-sáré,
Ẹsẹ̀ méjì tí ń bára wọn jiyàn tí wọn ò jà,
Gìgísẹ̀ ní "wá," ọmọ ìka ní "mo ti dé."
O lu pákó, eku abẹ́ ilé tò lẹ́sẹẹsẹ;
O lu pákó, yìnyín orí òrùlé já wálẹ̀, ó ní òun ń bọ̀ wá wòran.
Onídìrí tí ń fi ọwọ́ tún orí ẹni ṣe,
Tí ń fi ẹsẹ̀ tún inú ẹni ṣe.

Èmi ńkọ́? Ìyá wa ní ẹsẹ̀ mi dà bí ti màlúù tó ṣèèṣì bọ́ sórí odò dídì. Bí mo bá fi lu pákó, gbogbo ilé á dákẹ́. Bàbá wa á gbé fáyólìn kúrò ní èjìká, á ní, "Réjean, ọmọ dáadáa, lọ wò ó bóyá ọbẹ̀ ń jóná." Ọbẹ̀ kì í jóná. Ìdí nìyẹn tí mo fi sá lọ sí yunifásítì ní Montréal, tí mo sì gbá kọ̀ǹpútà mọ́yà. Mo ní ohun tí Ọlọ́run kò fi sí mi lẹ́sẹ̀, n ó fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ. Ẹ má ṣe rò pé n kò gbìyànjú o. Mo fi ọdún gbáko kọ ètò náà. Nínú yàrá mi, Barnabé ń lu nǹkan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ìlù, bí ọmọ tó ń kọ́ ọ̀rọ̀ í sọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu mi yá ju iṣẹ́ mi lọ. Mo ti pe gbogbo ènìyàn kí ó tó mọ̀ ọ́n lù.

Oṣù kejì ọdún ni, òtútù ọjọ́ náà lè di itọ́ mọ́ni lẹ́nu. Èmi kò ní ọkọ̀, Fernande ló ní ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan, nítorí náà òun ló gbé èmi àti Barnabé lọ sí gbọ̀ngàn ní Montréal. Barnabé wà lẹ́yìn ọkọ̀, nínú atẹ́gùn, lábẹ́ tápólì. A tún dúró jẹun lójú ọ̀nà. Ọmọdé ìlú wa mọ̀ pé ohun tí òtútù bá ti wọ̀ lára, bí o bá gbé e wọ ibi tó móoru, á làágùn. Ìdí nìyẹn tí awò ojú wa fi máa ń fọ́jú ní ẹnu ọ̀nà ilé. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ, a máa ń jẹ́ kó sinmi, kí omi náà gbẹ, kí a tó tàn án. Èmi tí mo ń fi kọ̀ǹpútà yangàn, mo gbàgbé ohun tí ọmọdé mọ̀. Èrò ti ń wọlé, Ọ̀gbẹ́ni Valcourt pàápàá ti jókòó, akọ̀ròyìn orin tí gbogbo wa ń bẹ̀rù bí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bẹ̀rù pàṣán. Mo yára tan Barnabé. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó rùn, ó kú.

Fernande wà pẹ̀lú mi lẹ́yìn aṣọ dúdú tí wọ́n ta sẹ́yìn ìtàgé. Ó ní, "Àgọ́ mímọ́!" Nílẹ̀ wa, ohun-èlò pẹpẹ la máa ń pè bí nǹkan bá bí wa nínú, àlùfáà ti bá wa wí títí ó ti sú u. Ó ní, "Kí ló ṣe é?"

Mo ní, "Ó kú, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ó kú bí i kí n pe àlùfáà, àbí ó kú bí i kí n pe mẹkáníìkì?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ayé mi ti bàjẹ́."

"Ayé rẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ bàjẹ́? Àpótí wo nìyẹn?"

Àpótí kékeré kan ni, ó yàtọ̀ sí Barnabé. Ó wà níwájú ọkọ̀ pẹ̀lú wa, níbi tó móoru, nítorí náà kò kú. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó gba ohùn kó pa á láwọ̀ dà: bí o bá kan ilẹ̀kùn, á sọ ọ́ di agogo, bí o bá ha nǹkan, á sọ ọ́ di òjò. Mo ti lẹ máíkì tín-ín-rín kan mọ́ pákó kan nílẹ̀ níbẹ̀, kí n lè fi ìka kàn án láti dán àwọn sípíkà wò. Fernande fa àga, ó bọ́ bàtà yìnyín rẹ̀, ó wọ bàtà pẹlẹbẹ tó fi ń dìrí ní ṣọ́ọ̀bù, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé orí pákó náà. Ó ní, "Lọ jókòó sídìí bọ́tìnì rẹ, kí o ṣe bí ọlọ́gbọ́n. Ṣé o ṣì lè ṣe ìyẹn?"

Ẹ̀yin ará mi, kí ni n bá sọ? Mo lọ jókòó. Wọ́n pa iná. Ìró kìíní jáde bí ìgbà tí ẹ̀kán omi bá já sínú ìkòkò irin, òmíràn tẹ̀lé e láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, kò pẹ́ tí gbogbo ilé fi kún fún agogo àti òjò tí ń sáré léra wọn, tí wọ́n ń dúró, tí wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Mo gbọ́ ilé ìdáná wa níbẹ̀. Mo gbọ́ bàbá mi. Ṣùgbọ́n àwọn èrò kò gbọ́ ẹsẹ̀, ohun tuntun ni wọ́n gbọ́. Nígbà tí iná tàn, wọ́n dìde. Mo tọ́ka sí Barnabé níwájú aṣọ dúdú náà, òkú Barnabé, tí iná pupa kékeré kan ṣì ń tàn níwájú orí rẹ̀, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún òkú. Ọ̀gbẹ́ni Valcourt tọ̀ mí wá, ó di apá mi mú. Ó ní, "Brisebois, mo ti gbọ́ ẹ̀rọ tó ń kígbe, mo ti gbọ́ ẹ̀rọ tó ń sunkún. N kò gbọ́ ẹ̀rọ tó ń mí rí." Mo la ẹnu kí n sọ òtítọ́. Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi, mo là á. Ohun tó jáde ni, "Ẹ ṣeun, sà." Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni ilẹ̀kùn tí irọ́ gbà wọlé tó sì fi ilé mi ṣe ibùgbé.

Nígbà tí a ń padà lọ sílé, ẹ̀rín pa wá débi tí Fernande fi ya ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ó ń fi ọwọ́ lu ẹsẹ̀, ó ní, "Ó ní ẹ̀rọ ń mí! Bí n kò bá mí, ṣé kí n kú síbẹ̀ ni?" Mo ní lọ́la n ó sọ òtítọ́ fún wọn. Ó ní, "Sọ ọ́ lọ́túnla. Jẹ́ ká gbádùn lọ́la ná." Kò burú nígbà náà, eré ọmọ ìyá méjì ni. Ṣùgbọ́n eré tí wọ́n bá ti fún ní àmì-ẹ̀yẹ kì í ṣe eré mọ́.

Wọ́n pè wá sí Toronto. Wọ́n pè wá sí Halifax, sí Boston, sí Vancouver. Fernande ti ṣọ́ọ̀bù ìdìrí rẹ̀, ó kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé òun lọ wo òkun. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan tó lè ya yín lẹ́nu: a gbádùn ẹ̀ṣẹ̀ náà. Ó máa ń kó ọṣẹ kéékèèké inú òtẹ́ẹ̀lì wá fún gbogbo abúlé. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ẹni tó jẹ́, n ó ní, "Obìnrin tó ń bójú tó wáyà wa ni." Òun náà á ju okùn wáyà kan sọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀, á ní, "Àwọn wáyà yìí burú o, sà. Wọ́n máa ń bu ènìyàn jẹ." Ní Boston, eruku wọ̀ ọ́ nímú láàárín orin, ó sì sín. Máíkì gbé e, àpótí pa á láwọ̀ dà, ohun kan sì bú gbàù láti gbogbo sípíkà bí ìgbà tí ọ̀run bá ya. Obìnrin kan ní ìlà iwájú bú sẹ́kún. Ọ̀gbẹ́ni Valcourt, tó tẹ̀lé wa dé ibẹ̀, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ibẹ̀ ni Barnabé ti mọ̀ pé òun náà yóò kú lọ́jọ́ kan. Fernande gé e, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ dígí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí iṣan bá fà á lẹ́sẹ̀, tí ìlù náà bá ń tiro, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n á sọ ọ́ lórúkọ. Mo gba iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì. Mo gba ilé. Mo ń bá a lọ, mo ń wú bí àkàrà inú epo.

Nísinsìnyí mo dé ibi tó le.

Wọ́n pè wá sí Joliette, nítòsí ilé. Fernande tọ̀ mí wá nílé ìdáná mi, ó jókòó, kò ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Réjean, Màmá ń bọ̀ lọ́jọ́ náà. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ó sì ń bi mí lójoojúmọ́ pé kí ni mo ń bá ọ rìn kiri ṣe. Ó rò pé wáyà ni mò ń ká lóòótọ́. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àbúrò mi. Bí orin bá parí, kí o fa aṣọ yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ó rí mi."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́. Mo ṣèlérí."

Ó ra aṣọ tuntun, aláwọ̀ ewé. Ó dirun ara rẹ̀, òun tí kì í dirun ara rẹ̀. Ó sì lù ú lọ́jọ́ náà! N kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, n kò sì rò pé n ó tún gbọ́ irú rẹ̀ mọ́. Iná tàn, àtẹ́wọ́ gba ilé kan, Màmá wà ní ìlà iwájú pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Mo dìde, mo rìn lọ sí ibi aṣọ dúdú náà. Ẹsẹ̀ Fernande hàn lábẹ́ rẹ̀, ó ti dìde, ó ń dúró dè mí. Ìgbà yẹn ni Ọ̀gbẹ́ni Valcourt na ọwọ́ sókè. Ó ní, "Brisebois, ẹ dákun, kí ẹ tó lọ. Ìbéèrè òmùgọ̀ ni o. Ní àárín orin yìí, ó ṣe mí bí ẹni pé mo gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn wa nílé ìdáná. Ṣé Barnabé kọ́ nǹkan lọ́dọ̀ wọn ni?"

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọlọ́run fi àánú ṣí i, ẹni tó fẹ́ gbà á kọjá kàn máa ní "bẹ́ẹ̀ ni" lásán ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí. Mo rí ilé mi, mo rí iṣẹ́ mi, mo rí ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń rán lọ wo ọbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Mo gbé máíkì sẹ́nu, mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni Valcourt, ẹ má bú Barnabé. Ẹsẹ̀ wọ̀nyẹn, ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń pa àkókò nígbà òtútù ni. Bí ẹ bá kó gbogbo wọn jọ, láti abúlé dé abúlé, wọn ò lè lu ohun tí ẹ gbọ́ lónìí. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹsẹ̀ wọn àti ti màlúù, bàtà ni." Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Bí mo ti wo abẹ́ aṣọ náà, ẹsẹ̀ méjèèjì ti lọ.

Ọ̀rọ̀ tí ìyá mi fi bú ẹsẹ̀ tèmi ni mo gbé lé ẹsẹ̀ Fernande, ẹsẹ̀ tó fi mí ṣe ènìyàn. Júdásì tilẹ̀ fi ẹnu ko Olúwa rẹ̀ lẹ́nu. Èmi, mo fi ẹnu gé ẹ̀gbọ́n mi jẹ.

Fernande wa ọkọ̀ gbé mi dé ẹnu ọ̀nà. Ó kàn ní, "Jẹ́ kí Barnabé máa bá ọ lọ." Láti ọjọ́ náà, kò lù mọ́, kì í ṣe fún mi nìkan, fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá gbé fáyólìn jáde lọ́dún tuntun, ó máa ń gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, á mú wọn dání bí ẹni tó so ajá mọ́lẹ̀. Màmá kú nígbà òtútù tó tẹ̀lé e, kò sì rí Fernande níwájú aṣọ dúdú náà. Ìyẹn ni n kò lè san padà láéláé, ẹ má ṣe bá mi wá àwáwí fún un. Èmi ńkọ́? Mo kó ìró ẹsẹ̀ Fernande tí mo ti gbà sílẹ̀, mo gé e wẹ́wẹ́, mo tún un dì, mo ń pè é ní orin tuntun. Wọ́n ní Barnabé ti dàgbà, ó ti di onírònú.

Ibi tí mo wà nìyí títí Océane Vadeboncœur fi wọ ọ́fíìsì mi lọ́dún tó kọjá. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni, ọpọlọ rẹ̀ mú bí abẹ. Iṣẹ́ tó ń ṣe láti gba oyè ọ̀mọ̀wé ni kó tún Barnabé kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó jókòó, ó bú sẹ́kún. Ó ní, "Ọ̀gá, mo fẹ́ fi orin sílẹ̀. Mi ò ní làákàyè."

Mo ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Mo ti ṣírò gbogbo rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló ní ìdí, àfi ibì kan. Ìró tó wá láti apá òsì máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, pàápàá nígbà òtútù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìṣirò wo ló mọ ojú ọjọ́, ọ̀gá? Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń wá a."

Ẹ gbọ́ mi. Mo ti múra láti sọ ọ̀rọ̀ ìyànjú kan fún un, irú èyí tí àwa olùkọ́ máa ń fi lé ọmọ jáde. Mo wo ojú ọmọ náà tó ti wú. Mo ní, "Océane, orúnkún òsì rẹ̀ ló máa ń dùn ún."

"Orúnkún ta ni?"

"Orúnkún Barnabé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Onídìrí ni, ní Sainte-Olivine."

Ó wò mí títí. Ẹ̀rín gbé e, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ̀ bọ́ lórí àga. Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, inú wá bí i: "Ọdún mẹ́rin mi! Mo ń wá orúnkún ènìyàn nínú ìṣirò! Ọ̀gá, ìkà ni yín!" Mo ní òótọ́ ni. Ó nu ojú. Ó ní, "Ṣé ó wà láyé?" Mo ní ó wà. Ó ní, "Kí lẹ wá ń jókòó síbí ṣe?"

Ìgbà tí omi igi mápù ń sun ni. A bá Fernande lẹ́yìn ilé, ó ń se omi igi náà di oyin, èéfín ti bo orí rẹ̀ tó ti funfun. Mo kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ àti yìnyín yíyọ́. Ó na ṣíbí ìrokà sí mi, ó ní, "Ta nìyí? Ṣé ẹrẹ̀ mi lo fẹ́ rà ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo wá bẹ̀ yín."

"Lẹ́yìn ọdún mélòó? Oyin tí wọ́n gbàgbé lórí iná tó báyìí ti di èédú."

Océane ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ó ti sọ gbogbo rẹ̀ fún mi."

"Ìwọ ta ni?"

"Èmi ni mo fi ọdún mẹ́rin ṣírò orúnkún yín."

Fernande fi ṣíbí sílẹ̀. "Orúnkún mi! Ṣé o rí oògùn tó máa wò ó níbẹ̀?" Ẹ̀rín fẹ́ jáde lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì. Ó yí sí mi. "Réjean, dìde, o ń ba ṣòkòtò jẹ́. Kì í ṣe inú ẹrẹ̀ lo ti pè mí ní màlúù. Inú gbọ̀ngàn ni, pẹ̀lú máíkì. Ibi tí o ti sọ ọ́ ni kí o ti kó o."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di ìgbà ìwọ́wé. Wọ́n ń ṣe àjọ̀dún ìfẹ̀yìntì mi, gbogbo àwọn tó mọ orin ẹ̀rọ wà níbẹ̀. Mo dìde nídìí bọ́tìnì, mo sọ gbogbo ohun tí mo sọ fún yín yìí, láti orí òtútù tó pa Barnabé dé orí bàtà màlúù. Ọ̀gbẹ́ni Valcourt, tó ti di arúgbó nínú àga onítáyà, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Brisebois, ti Boston ńkọ́? Ibi tí Barnabé ti mọ̀ pé òun máa kú?"

Fernande dá a lóhùn láti ìjókòó rẹ̀: "Mo sín ni, sà. Eruku pọ̀ níbẹ̀."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó ní, "Olúwa, mo fi sísín obìnrin kọ́ gbogbo orílẹ̀-èdè ní ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀!" Ìgbà náà ni gbọ̀ngàn wó lẹ́rìn-ín. Kì í ṣe gbogbo wọn ló rẹ́rìn-ín o. Àwọn kan jáde, wọ́n ní ẹ̀tàn ni, wọn ò sì purọ́. Mo dá àmì-ẹ̀yẹ padà. Wọ́n gbé e fún Fernande. Ó fi ń dá ilẹ̀kùn ilé adìẹ rẹ̀ dúró. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kí ó lù fún wọn lójú ẹsẹ̀. Ó ní rárá. Ó ní, "Ẹ ṣeun. Mo ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ àbúrò mi, mo sì ti dárí jì í. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kì í ṣe ajá tí wọ́n ń súfèé pè. Òun náà ní láti dárí jì í fúnra rẹ̀."

Mo gba ìyẹn. Mo rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Lọ́dún tuntun yìí, Océane bá wa ṣe ọdún ní Sainte-Olivine. Mítípáì ti tán lórí tábìlì, ó gbé fáyólìn bàbá wa wálẹ̀ lára ògiri. Ó ti kọ́ ọ nígbà èwe, ṣùgbọ́n ó ń sáré bí ẹni tí ẹyin iná wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Fernande jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì gẹ́gẹ́ bí àṣà.

Ó ní, "Ọmọ yìí, ta ló ń lé ọ?"

"Kò sẹ́ni tó ń lé mi, màámi."

"Kí lo wá ń sáré sí?"

Océane tún un bẹ̀rẹ̀. Ó tún sáré. Fernande pa ojú dé bí ẹni tí eyín ń dùn. Ó ní, "Dúró dè é. Dúró dè é! Ife Olúwa, ọmọ yìí máa pa orin!" Ẹsẹ̀ tó wà lókè sì já wálẹ̀. Gìgísẹ̀ lu pákó, kò! Ó wo ẹsẹ̀ náà bí ẹni pé ti àlejò ni. Océane kò dáwọ́ dúró, Ọlọ́run bù kún un. Gìgísẹ̀ tún lù ú, ọmọ ìka dá a lóhùn, orúnkún òsì dé lẹ́yìn díẹ̀ nítorí òtútù mú. Àwo ń fò lórí tábìlì. Fernande gbé orí sókè, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó ń kígbe mọ́ ọmọ náà pé, "Ó di èyí! Báyìí ni! Má sá mọ́!" Mo dìrọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tó ń jí ohun tó kú dìde.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí mo tàn jẹ, mo bẹ̀ yín, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà ṣe orin, ẹ má ṣe sọ ẹ̀rọ nù nítorí tèmi; kò ṣe mí ní nǹkan, èmi ni mo fi òtútù pa á. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá gbé yín sókè, ẹ pe orúkọ rẹ̀ nígbà tí ẹni tó bí i ṣì wà níbẹ̀ tí yóò gbọ́. Ẹ má dúró de ọ̀la. Ọ̀la mi ni ó gba ìyá mi lọ. Bí ẹ bá sì ń kọjá ní Sainte-Olivine, ẹ yà kí ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kàn má yìn ín jù, ẹ jọ̀ọ́. Láti ọdún tuntun, a ò gbádùn mọ́ nílé wa: ó ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dìrí lọ́dọ̀ òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó gbọ́ ẹsẹ̀ òun. Ìlà àwọn obìnrin ti gùn dé títì.